Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Agbègbè Ladi-Lak: Ìdásílẹ̀ Òwò Láìsí Owó Ńlá

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé gbà pé àìsí owó ìdókòwò ni ó ń dènà ìdásílẹ̀ òwò ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ladi-Lak, ní Ṣómólú àti Bàríga ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sọ Ṣómólú di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kò ní ju irinṣẹ́ kan ṣoṣo lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Báwo, nígbà náà, ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ṣe di iṣẹ́ mẹ̀kúnnù?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1859 tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, abẹ́ àkóso ìjọ C.M.S. ni ẹ̀rọ wà. Ní 1863, Robert Campbell, tí ó ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n ti ń to lẹ́tà, tí wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá dúró ní láti ní gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí fúnra rẹ̀.

Ṣómólú tú iṣẹ́ yìí ká. Ní òpópónà bí Akéjù àti Ṣípeolú, ẹnì kan ń ya àwòrán iṣẹ́, òmíràn ń ṣe pulétì, ẹlòmíràn ni ó ni ẹ̀rọ Heidelberg tòkúnbọ̀ láti Jámánì. Ẹni tí ó ń gé bébà yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń di ìwé. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó fi àsansílẹ̀ ra bébà, kí ó sì gbé iṣẹ́ náà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi parí. Owó oníbàárà ni ó di owó òwò rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: gbogbo àdúgbò ni ó di ilé iṣẹ́ kan.

Ohun méjì ni ó gbé ètò yìí ró. Èkíní ni ìkọ́ṣẹ́: ọmọṣẹ́ a sin ọ̀gá fún iye ọdún kan, a sì gba fíríìdọ̀mù pẹ̀lú ìmọ̀ àti oníbàárà díẹ̀. Èkejì ni èésú, tí Samuel Johnson ti ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Àwọn méjèèjì dúró lórí ìgbẹ́kẹ̀lé, kì í ṣe lórí dúkìá tí báńkì lè gbà dúró.

Síbẹ̀, ètò yìí ní ààlà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó bébà àti yíǹkì tí ó ń ti òkè òkun wá sì gbé sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku-Iboku kò lè gba àwọn atẹ̀wé sílẹ̀. Ní 2007, orílẹ̀-èdè South Africa ni wọ́n ti tẹ ìwé ìdìbò fún ipò ààrẹ Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí ó nílò ẹ̀rọ ńlá àti àbò líle lábẹ́ òrùlé kan ṣòro fún àdúgbò tí agbára rẹ̀ wà nínú ìtúká.

Ní ìparí, ìtàn agbègbè yìí fi hàn pé ohun tí ó jẹ́ kí mẹ̀kúnnù wọlé sínú òwò náà ni ó tún dá òwò náà dúró lójú kan. Ìrànlọ́wọ́ tí ó bá sọ ẹnì kan di ọlọ́rọ̀ láàrin wọn lè tú àjọṣe tí ó bọ́ gbogbo wọn. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba pèsè ni èyí tí kò sí ọ̀gá kan tí ó lè dá rà: bébà tí a ṣe nílé, iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, àti ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo wọn lè jọ máa lò.