júbà

Ọ̀rọ̀-ìṣe. Láti bu ọlá fún ẹni tí a tipasẹ̀ rẹ̀ di ẹni tí a jẹ́: òbí, ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́, àwọn tó ti kọjá lọ.

Ìlò: “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi”, ṣùgbọ́n “mo júbà ọ̀gá mi”, láìsí “lọ́wọ́”. Oore tí a lè tọ́ka sí ni à ń dúpẹ́ rẹ̀. Ìbà kò dúró de ẹ̀bùn. Nítorí náà, ògbufọ̀ tó bá sọ ọ́ di ọpẹ́ lásán ti gé e kúrú. A lè pín in: “Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú.”

Eégún alárìnjó Ọ̀yọ́ àti oníjàlá bíi Ògúndáre Fóyánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa júbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé eré ẹni tí kò júbà lè dàrú. “Kí ìbà mi ṣẹ” ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e.