Ìràwọ̀ Ọkọ̀ àti Amadioha: Ìràwọ̀ Méjì Lójú Ọ̀run Òkè-Ògùn

Sirius ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ tí ojú ènìyàn ń rí lóru. Ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò rẹ̀: bí ọdún bá ń parí lọ, kì í pẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ kó tó yọ ní gúúsù ìlà-oòrùn, á sì wà lókè gan-an lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Ó ṣòro láti ṣì í mọ̀, nítorí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ló máa ń ṣáájú rẹ̀ yọ. Àyàfi tí eruku ọyẹ́ bá bo sánmà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣá.

Nínú ìwé tí A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa àwọn Yorùbá ní 1894, Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ni ó ní wọ́n ń pè é, torí pé àwọn atukọ̀ fi ń mọ̀nà. Ó tún kọ ọ́ pé Ajá Oṣù ni orúkọ Àgùàlà, ìyẹn Venus, nígbà tó bá ń bá òṣùpá rìn. Orúkọ ará ọ̀sà ni Ìràwọ̀ Ọkọ̀ jọ. Ilẹ̀ pápá ni Òkè-Ògùn, ẹsẹ̀ ni ọdẹ àti alájàpá ibẹ̀ fi ń rìn. Síbẹ̀ àṣà kan náà ló wà nídìí orúkọ méjèèjì: iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń ṣe, tàbí ìrìn tó ń rìn, ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ọdún 8.6 ni ìmọ́lẹ̀ Sirius fi ń rìn kó tó dé ayé. Ó tó oòrùn méjì ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti oòrùn lọ́nà 25. Bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ ṣe ń kúrò ní pupa bọ́ sí funfun bí ewìrì bá ṣe ń fẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ìràwọ̀ ń sọ bó ṣe gbóná tó. Funfun tó fẹ́ jọ aró ni Sirius. Ara rẹ̀ gbóná ju 9,500°C lọ, nígbà tí ti oòrùn jẹ́ nǹkan bí 5,500°C. Nínú lọ́hùn-ún, háídrójìn ń para pọ̀ di hílíọ̀mù, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá. Ìwúwo ìràwọ̀ ń fún un mọ́ra, ooru ń tì í síta. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, kò ní wó, kò sì ní wú. Ìpele tó gùn jù nínú ayé ìràwọ̀ nìyí, oòrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá tóbi ń tètè jẹ háídrójìn rẹ̀ tán, kì í pẹ́ láyé.

Ní 1844, Friedrich Bessel ará Jámánì rí i pé ìrìn Sirius ń wọ́, ó sì ní nǹkan tí kò hàn ló ń fà á. Ní 1862, Alvan Graham Clark rí ẹnìkejì náà ní Amẹ́ríkà: òkú ìràwọ̀ tó kéré bí ayé, tó sì wúwo tó oòrùn.

Ní gúúsù Sirius ni ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ HD 43197 wà, tí ojú lásán kò lè rí. Ní 2019, nígbà tí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó kópa sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ yìí ní Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Igbo, ẹni tí Yorùbá lè fi wé Ṣàngó. Pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di Equiano, ní ìrántí Olaudah Equiano tó ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú, tó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1789.

Amadioha fúyẹ́ díẹ̀ ju oòrùn lọ, kò sì gbóná tó o. Ó jìnnà gan-an: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń dé ayé lónìí gbéra ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, láyé ìgbà tí Hugh Clapperton, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ń la Òkè-Ògùn kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1826, tí Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó fojú rí pílánẹ́ẹ̀tì Equiano. Ní 2009 ni wọ́n fi awò ńlá tó wà ní La Silla, ní orílẹ̀-èdè Chile, mọ̀ ọ́n, nípa bó ṣe ń mi ìràwọ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 328 ló fi ń yí Amadioha po. Ọ̀nà rẹ̀ gùn gbọọrọ: níbi kan ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ ju bí Mercury ṣe sún mọ́ oòrùn lọ, níbòmíràn ó jìnnà tó Mars.