Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilé Kàn? Ọ̀rọ̀ Ogún ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ti jókòó rí ní ìpàdé ẹbí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn tí a ti sin bàbá tán, tí onílù ti lọ, tí àwọn àlejò sì ti padà sí Èkó, ẹ ó ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà yóò jókòó sí pálọ̀, wọn yóò gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ilé yóò sì dákẹ́ lójijì. Àwọn ọmọ ìyá kan yóò sún mọ́ ara wọn lápá kan, àwọn ọmọ ìyá kejì yóò sún mọ́ ara wọn lápá kejì. Ta ni kọ́kọ́rọ́ náà kàn? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìbéèrè yìí ti ń lọ sí kóòtù, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ìdáhùn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dé orí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wa. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn nínú oṣù Kàrún ọdún 1892, kò sí ẹni tí ń jẹ́ lọ́yà láàrin wa. Olórí ẹbí ni adájọ́ ogún. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò dé iwájú àwọn olóyè àdúgbò, ìbáà ṣe ní Ìwàdé, ní Pòrógun tàbí ní Ìjasí. Bí ó bá sì tún le jù bẹ́ẹ̀, àwọn Òṣùgbó wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ìdájọ́ wọn ṣeré. Aṣọ, owó ẹyọ àti irinṣẹ́ ni a ń pín. Ilẹ̀ oko kì í ṣe ohun pínpín bí ẹni ń pín ẹran. Ti ẹbí ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ dáko nínú ẹbí ni a ń fún ní ibi tí yóò dá a.

Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ẹbí? Ibí yìí ni ti Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀. Òyìnbó onímọ̀ kan, P. C. Lloyd, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1962 lórí òfin ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibi mẹ́rin ni ó fi ojú wò dáradára: Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Adó-Èkìtì àti Ẹ̀gbá. Ó rí i pé ní Adó-Èkìtì, ọ̀nà bàbá ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ń tọ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti ní Oǹdó, ọmọ tí obìnrin ilé bí náà ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ baba ìyá rẹ̀. Nítorí náà ọmọ Ìjẹ̀bú kan lè jẹ́ ọmọ ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: ti baba rẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti ìyá baba rẹ̀. Èmi gbà pé ohun iyì ni èyí, nítorí kò sọ ọmọbìnrin di àlejò ní ilé tí a bí i sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi lọ́yà tí ó ti ta ilẹ̀ ẹbí fún oníbàárà rẹ̀ rí. Bí ó bá rò pé òun ti rí gbogbo ẹni tí ó yẹ kí ó fọwọ́ sí ìwé, ọmọ ọmọ obìnrin kan tí a gbé níyàwó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ayé ijọ́hun yóò yọ láti ẹ̀yìn, yóò ní wọn kò pe òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ti ohun tí bàbá fúnra rẹ̀ kó jọ, tí kò sì sọ bí a ó ti pín in kí ó tó kú, ọ̀nà méjì ni a mọ̀. Ìdí-igi ni èkínní: iye ìyàwó tí ó bímọ ni a ó fi pín ogún, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò sì pín tiwọn láàrin ara wọn. Orí-ò-jorí ni èkejì: iye ọmọ ni a ó fi pín in. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan fi mílíọ̀nù 24 náírà sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kẹta bí márùn-ún. Ní ìdí-igi, mílíọ̀nù 8 ni ti ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyálé nìkan gba mílíọ̀nù 8, àwọn méjì gba mílíọ̀nù 4 mẹ́rin, àwọn márùn-ún gba mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 600 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní orí-ò-jorí, mílíọ̀nù 3 ni ti olúkúlùkù wọn. Ẹ wá rí ìdí tí àwọn iyèkan fi ń sún mọ́ ara wọn ní pálọ̀, tí ojú àwọn ọbàkan sì ń pọ́n.

Irú ìjà báyìí ni ó gbé ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé dìde ní Èkó. Ọkùnrin tí ó kú fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kò sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a pín in sí mẹ́rin, àwọn kan ní kí a pín in sí mẹ́sàn-án. Ní ọdún 1958, kóòtù àpapọ̀ tí ó ga jùlọ nígbà náà sọ pé ìdí-igi ni àṣà gbogbo Yorùbá, pé kò tíì kú, kò sì tako ẹ̀rí ọkàn rere. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá wà, olórí ẹbí ní àṣẹ láti sọ pé orí-ò-jorí ni a ó lò, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Wọ́n gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1962. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi: kóòtù dá agbára padà fún olórí ẹbí. Bí olórí ẹbí bá jẹ́ olódodo, ó dára. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó fẹ́ gba ìpín tí ó tóbi ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ obìnrin kò sì jẹ́ ohun tuntun ní kóòtù. Ní nǹkan bí ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní Èkó, Adájọ́ Àgbà Osborne sọ pé bí dáwódù bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jùlọ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọmọbìnrin ń jogún ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn.

Opó ni kò ní ibi tí yóò dúró. Àṣà wa sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀, ìyàwó kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ. Ní ayé àtijọ́, wọ́n a ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀, tàbí kí ó máa gbé yàrá àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Súbérù àti Súnmọ́nù, kóòtù fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ ní àṣà Yorùbá. Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ Akínnúbí, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà tún sọ pé opó tí a fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ kò lè gba ìwé àṣẹ láti máa bójú tó dúkìá ọkọ rẹ̀ tí ó kú, nítorí lójú àṣà náà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ogún. Èmi kò lè ka gbólóhùn yẹn kí n má dákẹ́ díẹ̀. Obìnrin tí ó bá ọkọ ru búlọ́ọ̀kù, tí ó ta ọjà ní Òkè-Ajé kí òrùlé tó dúró! Kóòtù kan náà fọ ohùn mìíràn ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ opó kan láti Awka ní ilẹ̀ Ìgbò. Ó bẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ó lé e kúrò nílé nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ọ̀nà ti ṣí díẹ̀, kò tíì fẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí ó kú ni a ó fi àṣà pín ogún rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó dé Èkó ní ọdún 1884. Ní ọdún 1898, kóòtù gbọ́ ẹjọ́ Cole. Ọmọ Èkó kan tí ó ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sàró kú, ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé. Àbúrò olóògbé ní òun ni àrólé nípa àṣà. Kóòtù kékeré gbà fún un. Kóòtù àgbà yí i padà, ó ní ẹni tí ó ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àṣà náà. Ní apá tiwa, òfin ìṣàkóso ogún tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1959, tí ó di ti Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn ọdún 1976, sọ pé bí ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àṣà kọ́ ni a ó fi pín ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Opó ní ìpín tirẹ̀, àwọn ọmọ ní tiwọn. Òfin Ìpìlẹ̀ wa láti ọdún 1979 sì ní kí a má fi bí a ti ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí a bí sí ìta náà lè dé ìpàdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé àwọn ṣe ìgbéyàwó òfin, nígbà tí ó jẹ́ pé àlùfáà kàn súre fún wọn lẹ́yìn ìdána ni, tí kò sí ìwé ẹ̀rí ìjọba kankan. Ojú opó ni ìyàtọ̀ yìí máa ń já sí.

Ta wá ni ó ń tú gbogbo okùn yìí? Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà, ní ọdún 1879. Ṣùgbọ́n Èkó ni lọ́yà ti ráyè. Láti ọdún 1914 títí di àtúntò ọdún 1933, wọn kò gba lọ́yà láàyè ní àwọn kóòtù Prófíńsì, kóòtù ìbílẹ̀ kò sì gbà wọ́n. Ìjọba ní wọn yóò máa dá ìjà sílẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń wo lọ́yà bí ẹni tí a ń pè nígbà tí ilé bá ti ń jó.

Ìwé ìhágún ni omi tí ó yẹ kí a ti pọn sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tí ó bá kọ ọ́ ń pe ikú. Ẹ jọ̀wọ́, ikú kì í ka ìwé. Olúwarẹ̀ yóò fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà kan náà, àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i. Kí ẹlẹ́rìí má jẹ́ ẹni tí a fún ní nǹkan nínú rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀bùn náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìwé ìhágún ti Ìwọ̀-Oòrùn fi gbólóhùn kan sí i pé àṣà ìbílẹ̀ ní agbára lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ilẹ̀ ẹbí há ogún. Ti àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí Balógun Kúkù ti gba ẹ̀sìn náà ní ọdún 1902, wọ́n ní ìpín tí Kùránì là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá kò bá fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn, àṣà ni kóòtù ní apá ìhín máa ń kọ́kọ́ wò. Kí Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ ìpín Kùránì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òwò kù, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú mọ owó í ṣe, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tí a fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ṣe kò yàtọ̀ sí ẹni náà lójú òfin. Bí ó bá kú, ọjà inú rẹ̀ di ogún, báńkì yóò sì ti owó mọ́lẹ̀ títí ìwé àṣẹ yóò fi jáde láti kóòtù gíga. Kọ́ńpìnnì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í bá ẹnì kan kú. Ìpín inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò jogún, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Òfin kọ́ńpìnnì ti wà láti ọdún 1912, ti ọdún 2020 sì gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ bá lọ́yà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání bí ó bá wà, ẹ mú rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé báńkì, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀, ti ilé àti ti ìta. Yóò bi yín irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Yóò bi yín bóyá ẹ̀yin ni ẹ ra ilẹ̀ náà tàbí ẹbí ni ó fún yín. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè ẹni tí ẹ fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.