Ọpẹ́ Ẹni tí ó Padà

Ní àkókò Ìkórè kan, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti to iṣu, àgbàdo àti ọsàn yí pẹpẹ ká, mo sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún kíláàsì kan, mo sì parí rẹ̀ báyìí pé, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó sọ ẹrú di Bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí wọn kò bá kó o lẹ́rú, kì bá tí di Bíṣọ́ọ̀bù. Ǹjẹ́ ó ha yẹ kí a dúpẹ́ nítorí pé wọ́n kó o lẹ́rú bí?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí a dìde kọ orin, a sì túká. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi dé ilé, òun ni ó sì mú kí n tún ìtàn náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ọdún 1821 ni ogun wọ Òṣogùn, tí í ṣe ìlú Àjàyí. Ọmọdé ni ó ń ṣe nígbà náà. A mú òun pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, a fi okùn so wọ́n mọ́ra ní ọrùn, a sì dà wọ́n lọ bí ẹran. Kò tún fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́. Nínú àwọn tí ó kó wọn, àwọn kan wà tí ń sọ èdè Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń tà á, títí ẹ̀rù Òyìnbó Pọtogí fi bà á, tí ó sì ń gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, a kó o sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó, òun pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, iye wọn jẹ́ 187. Ọkọ̀ náà kò tí ì lọ jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, tí Ọ̀gágun Leeke jẹ́ olórí rẹ̀, fi mú un. A sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró, a dá wọn sílẹ̀ lómìnira.

Ní Sàró, Àjàyí kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì gba Olúwa gbọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Nígbà tí ó di ọdún 1837, ó kọ̀wé ìtàn bí a ti mú un. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìwà búburú mọ́lẹ̀. Ó ròyìn iná tí ń jó ilé, ó ròyìn okùn ọrùn, ó ròyìn ọ̀nà tí a gbà ya òun kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun. Ọjọ́ ìbànújẹ́ ni ó pe ọjọ́ náà. Síbẹ̀ ó wí pé a ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà bá òun rìn láti ibẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni ó fún un, kò sì fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí àtirí òmíràn gbà nìkan ni Kristẹni ṣe ń dúpẹ́, a jẹ́ pé òwò ni ó ń bá Ọlọ́run ṣe. Ẹ rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Ìhìnrere Lúùkù. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ara wọ́n dá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó yí ẹsẹ̀ padà. Ọpẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kí ó tó dé ẹnu.

Àwọn ará Sàró wa pẹ̀lú yí ẹsẹ̀ padà. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn tí a ti dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí i wọ ọkọ̀ padà bọ̀ wá sí ilẹ̀ tí a ti tà wọ́n. Wọ́n ja àwọn mìíràn lólè ní Èkó, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi gba Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ni ó ránṣẹ́ sí Sàró pé kí a rán olùkọ́ Ìhìnrere sí àwọn. Crowther, tí a ti fi jẹ àlùfáà ní ọdún 1843, dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer ní ọdún 1845, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀, Àfàlá, wá bá a. Ọdún márùn-ún-lé-lógún ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1848, obìnrin yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, orúkọ tí a sì fún un ni Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, ẹni tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó sì fi ọmọ náà fún Un padà.

Ẹ kíyè sí bí ọkùnrin yìí ti ń san ọpẹ́ rẹ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní ọdún 1843. Ó ṣíwájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún tí ó sì ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, títí odindi rẹ̀ fi parí ní ọdún 1884. Ọpẹ́ rẹ̀ kò sì dúró ní ilé bàbá rẹ̀: ní ọdún 1857, ó gba Odò Ọya lọ sí Onitsha láti dá iṣẹ́ Ìhìnrere sílẹ̀ láàrin àwọn Ìgbò, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí kò sì jẹ ní gbèsè kankan. Nígbà tí a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní Kàtídírà Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, Leeke, tí ọkọ̀ rẹ̀ gbà á là ní ọdún 1822, wà nínú ìjọ ènìyàn tí ń wò ó.

Ǹjẹ́ ohun gbogbo ha dùn títí dé òpin bí? Rárá o. Ní ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì Òyìnbó dìde sí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó yìí, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wí, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn ì bá rò pé, ẹni tí Òyìnbó gbà lọ́wọ́ ẹrú, kí ó dúpẹ́ kí ó sì dákẹ́. Crowther kò dákẹ́. Ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ti ṣe èyí lójú rẹ̀, ó sì faramọ́ èrò àwọn ìjọ ẹnu odò pé kí wọ́n máa bọ́ ara wọn kí wọ́n sì máa ṣe àkóso ara wọn. Ṣùgbọ́n kò fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi Ìjọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni ó sùn nínú Olúwa ní Èkó. Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin gbèsè tí a jẹ Ọlọ́run àti ìtẹríba tí ènìyàn ń fi orúkọ oore béèrè.

Nígbà tí mo tún pàdé kíláàsì náà, mo dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn báyìí: "Ọmọ mi, a kò dúpẹ́ nítorí okùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni okùn náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí ó tú u. Ẹni tí a bá sì tú okùn ọrùn rẹ̀, kí ó padà lọ tú ti ẹlòmíràn."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnì kan jókòó tì wá kí a tó mọ ABD. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bàbá tàbí ìyá kan ń gbé ẹrù sórí kí ẹ̀yin lè gbé ìwé. Iṣu orí pẹpẹ dára, owó inú àwo sì dára pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí Ìkórè bá ti kọjá, kí olúkúlùkù wo ẹ̀yìn, kí ó wo ibi tí a ti mú òun wá, bóyá ẹnì kan kù níbẹ̀ tí ó ń retí ẹni tí yóò padà. Kí Olúwa fún wa ní ẹsẹ̀ adẹ́tẹ̀ kan yẹn. Àmín.