Ìtọ́jú Ọmọdé Tó Wà Lẹ́nu Ikú ní Ilé Ìwòsàn

Èyí ni ìtọ́jú tí dókítà, nọ́ọ̀sì àti òbí jọ ń fún ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, kí ìrora má bàa gba ọjọ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pípa ọmọ tì. Wíwá ìwòsàn nìkan ló dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ tó kù pọ̀.

Ìrora ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀. Mọ́fíìnì ni oògùn rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Ó wà ní olómi tí ọmọ lè mu, bí ọmọ bá sì ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ń fún un mọ. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé òun ni yóò pa ọmọ àwọn. Bí wọ́n bá fún un bó ṣe yẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ oògùn ìrora tó ń jẹ́ codeine kúrò nínú ìlànà ìtọ́jú ìrora ọmọdé, nítorí ara àwọn ọmọ kan kì í lè sọ ọ́ di mọ́fíìnì, ara àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ di àpọ̀jù. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, kí wọ́n fi omi tọ́ ọ létè, kí wọ́n má rọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò ti sọ fún ìyá tẹ́lẹ̀ pé èémí lè dá dúró, kó tún padà, kí àyà rẹ̀ má bàa já lóru.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló le jù. "Ẹ má sọ ọ́ létí rẹ̀" ni òbí máa ń wí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ti mọ̀. Olùwádìí kan, Myra Bluebond-Langner, jókòó ti àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1978 fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ń kú lọ láìsí ẹni tó sọ fún wọn, wọ́n kàn ń dákẹ́ nítorí òbí wọn. Ní Sweden, òbí 429 tí jẹjẹrẹ pa ọmọ wọn sọ fún àwọn olùwádìí bóyá wọ́n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ikú tàbí wọn kò sọ ọ́; àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Nínú 147 tó bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ikú, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kábàámọ̀. Nínú 258 tí kò sọ ọ́, 69 kábàámọ̀.

Helen House ní Oxford, tó ṣílẹ̀kùn ní 1982, ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí fún ọmọdé. Ní 1986, Dókítà Ann Goldman bẹ̀rẹ̀ ikọ̀ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn Great Ormond Street, Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn tí kò gbóògùn mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò wà lára àwọn tó là á lọ́nà.

Yàrá tútù kan wà ní Helen House tí wọ́n ń tẹ́ òkú ọmọ sí, tí òbí ń wọlé wá wò ó títí di ọjọ́ ìsìnkú. Ní ti àṣà àwa Yorùbá, òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì bi ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù léèrè kó tó gbé òkú ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Bí ìyá bá ní òun kò fẹ́ wò ó, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí bàbá bá sì fẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n bá a gbé omi wá.