Àlàfo Ọmọ Bíbí: Ètò Àwọn Baba Ńlá Wa àti Ojúṣe Wa Lónìí

Ẹ̀yin Àràbà, ẹ̀yin babaláwo, ẹ̀yin ìyánífá àti gbogbo olólùfẹ́ àṣà,

Yorùbá fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n ń pa á lówe pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀ a takété sí ara wọn títí wọn yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Èyí a máa tó ọdún 2 sí 3. Wọ́n gbà pé àtọ̀ ọkùnrin a máa ba omi ọmú jẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti ìṣègùn, ṣùgbọ́n ètò náà gba ẹ̀mí là: ìyá sinmi, ọmọ sì mu ọmú yó.

Nínú ìwádìí lórí àwa Yorùbá tí John àti Pat Caldwell tẹ̀ jáde ní 1977, ó hàn pé àkókò ìtakété yìí ti ń kúrú, pàápàá láàrin àwọn obìnrin tó kàwé ní ìlú ńlá. Ògiri àtijọ́ ń wó, ọ̀pọ̀ kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ibí ni ewu wà. Ẹyin obìnrin a máa sọ̀ kí nǹkan oṣù tó dé. Nítorí náà, abiyamọ lè lóyún láì tíì rí nǹkan oṣù kankan lẹ́yìn ìbímọ. Ọmú nìkan lè dáàbò bò ó dáadáa bí ohun 3 bá pé: ọmọ kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán-tòru, nǹkan oṣù kò sì tíì padà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ààbò náà ti dínkù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa nípa òrùka àti ìgbàdí. Nígbà tí tọkọtaya ń takété, ohunkóhun tí obìnrin bá wọ̀ yóò dà bí ẹni pé ó jẹ́. Lónìí tí ìtakété ti dínkù, kò yẹ kí á fi òrùka sí obìnrin lọ́wọ́, kí á sì ní ó ti bọ́.

Bí abiyamọ bá wá sọ́dọ̀ wa, ẹ bi í pé: Ọmọ rẹ pé oṣù mélòó? Ǹjẹ́ omi tàbí ẹ̀kọ ti kàn án lẹ́nu? Ṣé o ti rí nǹkan oṣù rẹ? Lẹ́yìn náà, ẹ darí òun àti ọkọ rẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Rọ́bà, abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò yan èyí tó bá a mu, nítorí kì í ṣe gbogbo oògùn ló yẹ abiyamọ.

Àlàfo ni àwọn baba wa fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.