Bí Sáfà Ṣe Ń Gba Ètò Ìṣiṣẹ́ Láti Orí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Láìsí Ọwọ́ Ènìyàn Níbẹ̀

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò ìṣiṣẹ́ nínú, irú bíi Linux tàbí Windows, kò yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n kọ́ tán tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó wọ̀. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lè ki síídì bọ̀ ọ́, kí ó jókòó tì í, kí ó sì máa dá a lóhùn bí ó ti ń béèrè: èdè wo ni? Aago ìlú wo ni? Báwo ni kí a ṣe pín dísìkì? Ọ̀rọ̀ yí padà ní ilé-iṣẹ́ tí sáfà 40 bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í sinmi, tí ń tọ́jú fáìlì àti àkọsílẹ̀ owó fún àwọn yòókù. Ẹni tí ó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí òmíràn yóò ti gbàgbé ohun tí ó dáhùn lórí ẹ̀kẹta kí ó tó dé orí ìkẹwàá, àwọn sáfà tí ó yẹ kí wọ́n jọra bí ìbejì yóò sì wá yàtọ̀ síra.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni PXE. Ilé-iṣẹ́ Intel ni ó gbé e kalẹ̀; oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ni ẹ̀dà 2.1 rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá tan sáfà, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yóò ké sí gbogbo ẹni tí ó wà lórí kéébù, bí àlejò tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí kò mọ orúkọ onílé. DHCP, ètò tí ń pín àdírẹ́sì, yóò dá a lóhùn: yóò fún un ní àdírẹ́sì, yóò sọ kọ̀ǹpútà tí ó yẹ kí ó lọ bá, yóò sì dárúkọ fáìlì tí yóò béèrè níbẹ̀. TFTP ni ó ń gbé fáìlì náà wá. Ètò yìí kò yára rárá: báìtì 512 ni ó máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan bí wọn kò bá yí i padà, kì í sì í fi òmíràn ránṣẹ́ títí yóò fi gbọ́ pé ti ìṣáájú ti dé. Ìdí nìyí tí ẹrù ńlá fi ń gba ọ̀nà HTTP. Fáìlì àkọ́kọ́ yìí gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ mu. Sáfà àtijọ́ tí ń lo BIOS lè gba pxelinux.0, ṣùgbọ́n èyí tí ń lo UEFI kò lè lò ó.

Títí di ibí yìí, sáfà ṣì lè máa béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń pa á lẹ́nu mọ́ ni fáìlì ìdáhùn. Red Hat ń pe tirẹ̀ ní Kickstart, Debian ń pè é ní preseed, SUSE ń pè é ní AutoYaST. Ubuntu, tí ó ti ń lo ti Debian tẹ́lẹ̀, mú autoinstall wọ ẹ̀dà 20.04 ní ọdún 2020. Nínú Kickstart, ìlà “timezone Africa/Lagos” ń sọ pé aago Èkó ni kí sáfà máa tẹ̀ lé. Apá “%packages” ń ka sọ́fítíwíà tí yóò wọlé. “%post” ń gbé àṣẹ tí yóò ṣẹ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Inú fáìlì yìí náà ni ewu wà. Ìlà “clearpart --all” ń pa gbogbo ìpín tí ó wà lórí dísìkì rẹ́. Ẹni tí ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ni a lè kọ́kọ́ bi bóyá ó dá a lójú. Níbí, kò sí ẹni tí a ó bi. Bí wọ́n bá sì ti to sáfà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ó kọ́kọ́ yà sí nígbàkigbà tí ó bá jí, tí àṣẹ tí ó wà fún gbogbo ayé níbẹ̀ sì jẹ́ “tún ara rẹ tò”, yóò parí, yóò jí, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láìlópin. Èyí tí ó burú jù ni ti sáfà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta: iná lọ lóru, iná dé, kí ilẹ̀ tó mọ́, àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ti lọ.

Bí pxelinux ṣe ń wá àṣẹ ni ó ń gba ènìyàn là. Lẹ́yìn nọ́ńbà UUID ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, yóò wá fáìlì tí a fi nọ́ńbà MAC ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ lórúkọ, pẹ̀lú “01-” níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tí a fi àdírẹ́sì sọ; “default” ni ó máa ń kẹ́yìn. Kí “default” wí pé kí sáfà padà sórí dísìkì ara rẹ̀, “LOCALBOOT 0”; sáfà tuntun nìkan ni kí ó ní fáìlì orúkọ rẹ̀, kí “%post” sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò bí iṣẹ́ bá ti parí. Ìlà “ignoredisk --only-use=sda” tún ń dá ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí dísìkì kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ dísìkì lè yí padà nínú sáfà tí ó ní púpọ̀.

TFTP kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ ni ó yẹ iṣẹ́ yìí, kí ọ̀rọ̀ aṣínà inú fáìlì ìdáhùn má sì wà ní gbangba: “rootpw --iscrypted” ń gba èyí tí a ti dà rú. Ìyàsọ́tọ̀ yìí tún ń dènà DHCP kejì, irú èyí tí ẹnìkan lè mú wọlé láìmọ̀ nípa kíki ráútà kékeré kan bọ kéébù ọ́fíìsì. Sáfà tí ó bá gba ohùn tirẹ̀ lè dúró gbọnin láìrí fáìlì kankan gbà.